Ẹ gbà mí o: ìtàn Amẹ́ríkà ni Jeopardy fi ń dá mi dùbúlẹ̀

Ìyá Dáre, Maryland

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá síbí. Ní alẹ́ tí n kò bá ní iṣẹ́, agogo méje àbọ̀ kì í bá mi nílé ìdáná. Orí àga ló máa ń bá èmi àti Dáre ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, níwájú Jeopardy, ètò ìdíje ìbéèrè orí tẹlifíṣàn. Bí wọ́n bá mú ọ̀rọ̀ Bíbélì wá, tèmi ni. Ẹ̀yà ara àti àìsàn, nọ́ọ̀sì ni mí, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ bá mi du ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí “American History” bá ti yọ lórí bóòdù báyìí, Dáre á ti fi ọwọ́ bo ẹnu, á máa rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kì í ṣe pé n kò kọ́ ọ. Nígbà tí mo fẹ́ gba ìwé ọmọ onílùú, mo kọ́ ọgọ́rùn-ún ìbéèrè wọn yẹn sórí bí Sáàmù. Mẹ́wàá ni wọ́n ń bi èèyàn nígbà náà, bí o bá ti gba mẹ́fà, o ti yege. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ni mo gbà léraléra, ọ̀gbẹ́ni tó jókòó níwájú mi kò tiẹ̀ bi mí ní ìkeje. Títí dòní, bí ẹ bá jí mi lóru, mo lè sọ ẹni tó jẹ ààrẹ àkọ́kọ́ àti iye ìràwọ̀ tó wà lára àsíá. Àmọ́ Jeopardy kì í béèrè báyẹn.

Lóṣù tó kọjá, mo ṣe ìdánwò wọn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àádọ́ta ìbéèrè, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí n tó ka ti ìtàn tán, kí n ní kí n ronú, ó ti kọjá lọ. Wọn kì í sì í sọ iye tí èèyàn gbà fún un, nítorí náà n kò mọ ibi tí mo já sí. Mo ṣì máa tún un ṣe. Ọ̀nà wo ni ẹ̀yin ń gbà kọ́ ìtàn àwọn èèyàn yìí tó fi ń dúró lórí?

Láńre Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Houston

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kọ́ ọ bí ìdánwò, àlọ́ ni wọ́n sì ń pa fún yín. Ẹ rántí nígbà tí a wà ní kékeré, kò sẹ́ni tó bi wá pé “kí ni ahọ́n?” Wọ́n á ní: “Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́.” Gbogbo ohun tí o nílò ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìwọ ni kó o pe orúkọ rẹ̀ jáde. Jeopardy gan-an nìyẹn. Ìyàwó Merv Griffin, ọkùnrin tó dá ètò náà sílẹ̀, ló dá àbá rẹ̀ nínú bàálù: ó fún ọkọ rẹ̀ ní ìdáhùn, ó ní “5,280”, ọkọ sì dá a lóhùn pé “Ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló wà nínú máìlì kan?” Nígbà tó di 1964, NBC ti ń gbé e jáde.

Nítorí náà wọn kò ní béèrè pé ta ni ààrẹ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ohun tí wọ́n á kọ á fẹ́ jọ èyí (èmi ni mo hun ún o): “Ìbọn tó pa ọ̀gá rẹ̀ ní Buffalo ló sọ ọkùnrin yìí di ààrẹ ní ọmọ ọdún 42.” Ẹ lè má mọ ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bí ẹ bá ṣáà ti mọ̀ pé Buffalo ni wọ́n ti yìnbọn fún McKinley ní 1901, igbákejì rẹ̀ ló kù kí ẹ rántí, Theodore Roosevelt sì nìyẹn.

Ohun kan tí mo máa ń ṣe: ojú mi kì í kọ́kọ́ lọ síbi tí gbólóhùn náà ti bẹ̀rẹ̀. “This” ni mo máa ń wá. “This state”, “this man”, “this treaty”. Ìyẹn á ti sọ fún mi bóyá èèyàn ni mò ń wá, tàbí ìlú, tàbí ìwé. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wò ó ló máa ń pe orúkọ ọ̀gágun níbi tí wọ́n ti ń wá orúkọ ogun.

Tísà Àgbà, Chicago

Òótọ́ ni Láńre sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ìlú tí mò ń gbé ṣe àpẹẹrẹ. Ní February 2011, wọ́n gbé Watson, kọ̀ǹpútà IBM, dojú kọ Ken Jennings àti Brad Rutter, méjì nínú àwọn aborí ńlá Jeopardy. Nígbà tí wọ́n dé Final Jeopardy, ìbéèrè ìkẹyìn, ẹ̀ka náà ni “U.S. Cities”. Wọ́n ní pápákọ̀ òfuurufú tó tóbi jù ní ìlú yìí ń jẹ́ orúkọ akọni kan nínú Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tó tẹ̀ lé e ń jẹ́ orúkọ ìjà kan nínú ogun náà. Àwọn èèyàn méjèèjì kọ Chicago. Kọ̀ǹpútà kọ Toronto, ó sì to àmì ìbéèrè jọ sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí ojú ń tì. Èmi tó jẹ́ O'Hare ni mo máa ń gbà lọ sílé, mo fò sókè lórí àga!

Ẹ wo bí ó ṣe rí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má mọ̀ pé awakọ̀ òfuurufú nínú ọmọ ogun ojú omi ni O'Hare. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ ìjà Midway rí, June 1942, tó sì mọ̀ pé pápákọ̀ Midway wà, ó ti dé ilé. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni wọ́n máa ń fi sára ìlẹ̀kùn yẹn. Ọ̀kan ṣoṣo ti tó ẹ ṣí i.

(Kí n má purọ́ mọ́ Watson: 947 dọ́là péré ló fi ta tẹ́tẹ́ lórí Toronto yẹn. Òun náà ló jáwé olúborí nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí.)

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ lè ka gbogbo ogun òyìnbó tán lórí ìka. Ta ni nínú yín tó mọ ọdún tí ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀?

Tísà Àgbà, Chicago

1877, bàbá. Ẹ kú àṣálẹ́ o.

Ṣadé Aláṣọ-òkè, Atlanta

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Oríkì ni mo fi kọ́ àwọn ààrẹ.

Màmá mi àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó lè ki àwọn ọba ìlú wa láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni tó wà lórí ìtẹ́, kò sì ní fo ẹnì kan. Mo ní bóyá ohun tó wọ orí màmá àgbà lè wọ tèmi náà. Mo wá fún ààrẹ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kan tí kò lè bá ẹlòmíràn mu. Ẹ gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀:

William Henry Harrison, a-joyè-oṣù-kan. (March 1841 ló gorí oyè, nígbà tó di April ó ti kú.)
John Tyler, ajogún-ọ̀gá. (Igbákejì àkọ́kọ́ tí ikú ọ̀gá rẹ̀ sọ di ààrẹ.)
Buchanan, àpọ́n ààfin. (Kò gbéyàwó títí ó fi kú.)
Cleveland, a-lọ-tún-bọ̀. (Ẹni kejìlélógún, ẹni kẹrìnlélógún.)
Taft, a-jààrẹ-jadájọ́. (Ó jẹ ààrẹ tán, ó tún jẹ olórí adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ. Òun nìkan ló ṣe méjèèjì.)
Franklin Roosevelt, a-wọlé-lẹ́ẹ̀mẹrin.
Gerald Ford, a-jẹ-láìdìbò.

Ohun tó dùn nínú rẹ̀ ni pé oríkì kan á fa òmíràn yọ. A-wọlé-lẹ́ẹ̀mẹrin ni, 1932, 1936, 1940, 1944. Kí ni àwọn aṣòfin wá ṣe? Wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Àtúnṣe kejìlélógún nínú òfin ilẹ̀ wọn nìyẹn, 1951, tó ní kí wọ́n má dìbò yan ẹnikẹ́ni ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ford. Báwo lèèyàn ṣe ń jẹ ààrẹ láìdìbò? Agnew, igbákejì Nixon, ló kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 1973, Nixon mú Ford rọ́pò rẹ̀. Ní August 1974 Nixon fúnra rẹ̀ tún kọ̀wé fipò sílẹ̀. Àwọn ará ìlú kò dìbò fún Ford rí, ì báà ṣe fún ti igbákejì tàbí ti ààrẹ. Ẹ rí i, nínú orúkọ kan ṣoṣo, ìbéèrè mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti jáde.

Nínú mọ́tò ni mo ti máa ń kì wọ́n bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ mi ní kí n yé ki òkú òyìnbó ní kùtùkùtù.

Láńre Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Houston

Àǹtí Ṣadé, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ fi Trump ti Cleveland lẹ́gbẹ̀ẹ́ o. Títí di January 2025, Cleveland nìkan ló ń jẹ́ a-lọ-tún-bọ̀. Bí ẹ bá ń fi ìwé àtijọ́ kọ́, tí ẹ rí “òun nìkan ṣoṣo” níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà.

Kọ́lá, Baltimore

Ìyá Dáre, aládùúgbò mi, ẹ wà létí odò, ẹ ń fi itọ́ bọ́jú! Maryland ni ẹ wà, ẹ ní ìtàn Amẹ́ríkà ń lù yín? Ẹ gbé Dáre sínú mọ́tò ní Sátidé.

Ẹ kọ́kọ́ wá sí Fort McHenry níbí. Ní September 1814 àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ìbọn lu odi yẹn láti ojú omi mọ́jú. Ọkọ̀ ni Francis Scott Key wà tó ń wò ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tó rí i pé àsíá Amẹ́ríkà ṣì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí odi, ó mú kálàmù. Orin orílẹ̀-èdè wọn nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1931 ni òfin tó sọ ọ́ di ti ìjọba. Bí ẹ bá ti rí “Baltimore” àti 1814 nínú gbólóhùn kan, ẹ má ronú jìnnà.

Ẹ wá lọ sí Annapolis. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé ẹ mọ̀ pé Annapolis ti ṣe olú-ìlú Amẹ́ríkà rí? Láti òpin 1783 wọ 1784. Mo dúró nínú yàrá tí Washington dúró sí ní December 23, 1783. Ère rẹ̀ wà níbẹ̀, ó dúró ṣánṣán pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó ti ṣẹ́gun, gbogbo ọmọ ogun wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì wá dá ìwé oyè ọ̀gágun padà fún àwọn aṣòfin, ó ní òun ń lọ sílé. Nínú ilé yẹn kan náà ni àwọn aṣòfin ti fàṣẹ sí àdéhùn Paris ní oṣù tó tẹ̀ lé e, èyí tó fòpin sí ogun wọn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ọmọ Nàìjíríà tí mo mọ bí sójà ṣe máa ń ṣe ìjọba, ó pẹ́ kí n tó kúrò níwájú ère yẹn.

Bí epo bá kù nínú mọ́tò, ẹ kọjá sí Antietam lẹ́bàá Sharpsburg, níbi tí wọ́n ti ja ìjà kan nínú ogun abẹ́lé wọn. September 17, 1862, ọjọ́ kan ṣoṣo, àwọn tó kú, àwọn tó fara gbọgbẹ́ àti àwọn tí wọn kò rí mọ́ tó nǹkan bí 23,000. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún ni Lincoln kéde pé òun máa dá ẹrú àwọn ìpínlẹ̀ tó ń ṣọ̀tẹ̀ sílẹ̀.

Harriet Tubman, ọmọ Maryland. Frederick Douglass, ọmọ Maryland. Thurgood Marshall, ọmọ Baltimore, òun ló gba ẹjọ́ Brown rò títí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ fi fòfin de ìyàsọ́tọ̀ dúdú àti funfun nílé ẹ̀kọ́ ní 1954, òun ló sì di adájọ́ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 1967. Ẹ má ṣì í mú fún John Marshall o! Ìyẹn ni olórí adájọ́ láti 1801 dé 1835, ẹni tó dá ẹjọ́ Marbury v. Madison. Àṣìmú yẹn ti ná mi lówó nínú ìdíje ìjọ wa rí, fìríìjì kékeré ni ẹ̀bùn rẹ̀.

Adérónkẹ́ B., New Jersey

Ẹ ṣé Kọ́lá. Èyí rọrùn láti rántí: Lincoln dá gbogbo ẹrú sílẹ̀ ní January 1, 1863.

Tísà Àgbà, Chicago

Ẹ rọra o, Adérónkẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń dẹ pańpẹ́ sí. Ìkéde 1863 yẹn, àwọn ìpínlẹ̀ tó ń ṣọ̀tẹ̀ ló kàn. Maryland tí Kọ́lá ń yìn yìí kò ṣọ̀tẹ̀, nítorí náà ìkéde náà kò kan ẹrú ibẹ̀ rárá. November 1, 1864 ni òfin tuntun tí Maryland ṣe fúnra rẹ̀ dá wọn sílẹ̀. Ti gbogbo orílẹ̀-èdè, àtúnṣe kẹtàlá ni, December 1865. Ẹ kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ìkẹtàlá dá ẹrú sílẹ̀ (1865), ìkẹrìnlá sọ wọ́n di ọmọ onílùú (1868), ìkẹẹ̀ẹ́dógún fún àwọn ọkùnrin wọn ní ìbò (1870). Àwọn obìnrin dúró títí di ìkọkàndínlógún, 1920.

July 4 náà ní tirẹ̀. July 2, 1776 ni wọ́n dìbò pé àwọn kò sí lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. July 4 ni wọ́n fẹnu kò lórí ìwé Ìkéde Òmìnira. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn mẹ́rìndínlọ́gọ́ta tó buwọ́ lù ú, August 2 ni wọ́n tó ṣe é. John Adams tiẹ̀ kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ pé July 2 ni àwọn ọmọ ọmọ àwọn máa máa fi ṣọdún. Òun àti Jefferson sì wá kú lọ́jọ́ kan náà, July 4, 1826, àádọ́ta ọdún géérégé. Bí wọ́n bá sọ fún mi bí ìtàn àtẹnudẹ́nu, mi ò bá ní irọ́ ni.

Láńre Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Houston

Kí n fi ti ọ̀dọ̀ wa kún un: Galveston, June 19, 1865, ibẹ̀ ni Juneteenth, àjọ̀dún ìdásílẹ̀ àwọn ẹrú, ti jáde. Láti April ni ogun ti ń kógbá sílé, àwọn ẹrú Texas kò tíì rí òmìnira. Ní 2021 ó di ìsinmi gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ọmọ Kétu, Mobile

Ẹ fún mi láyè kí n dá Bàbá Ìbejì lóhùn. Kétu ni wọ́n bí mi sí, Alabama ni mò ń gbé, ìtàn Amẹ́ríkà kan sì wà níbí tó jẹ́ tiwa.

Láti January 1, 1808 ni òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó ẹrú wọ Amẹ́ríkà láti òkè òkun mọ́. Ní 1860, ọdún méjìléláàádọ́ta lẹ́yìn náà, ọlọ́rọ̀ kan ní Mobile tó ń jẹ́ Timothy Meaher rán ọkọ̀ Clotilda lọ sí Ouidah. William Foster ló tu ọkọ̀ náà. Ó kó èèyàn bí àádọ́fà dé, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rí. Nínú àwọn tí wọ́n kó wá ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Kossola, tí wọ́n wá ń pè ní Cudjo Lewis. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ló kó ìlú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó tọpa rẹ̀ sọ pé agbègbè Bantè ló ti wá, nílẹ̀ Benin òní, láàárín àwọn tó ń sọ èdè wa.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, wọ́n fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n bá ṣiṣẹ́, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n tẹ ìlú kan dó tí a ń pè ní Africatown títí dòní. Kossola gbé ibẹ̀ títí ó fi kú ní 1935. Itẹ́ òkú wọn ṣì wà ní Plateau, mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Ní 2019 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwókù ọkọ̀ kan nínú odò Mobile, Clotilda ni.

Nítorí náà bí ẹ bá rí “1860”, “Mobile”, àti “ọkọ̀ ẹrú ìkẹyìn” lórí bóòdù yẹn, kí ó má jẹ́ òyìnbó ló máa kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì láti dáhùn o.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Ọmọ Kétu, o ṣé gan-an. Mo fa díẹ̀ sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ mi. Díẹ̀ o. Kírìjí ṣì wà nílẹ̀.

Dàmọ́lá, Los Angeles

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ń kọ́ ìtàn, ẹ ò kọ́ àtàǹpàkò. Mo ti lọ jókòó láàárín àwọn òǹwòran ní Culver City níbi tí wọ́n ti ń ká a sílẹ̀. Ètò márùn-ún ni wọ́n ń ká ní ọjọ́ kan, ẹni tó bá ń borí á sáré pààrọ̀ aṣọ kó lè dà bí ọjọ́ mìíràn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ tí tẹlifíṣàn kì í fi hàn wá ni iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòdù. Bí atọ́kùn bá ṣì ń kàwé, bọ́tìnnì kò ṣiṣẹ́. Ìgbà tó bá ka ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tán ni ẹnì kan á tan iná náà. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ṣáájú, wọ́n á tì í pa fún ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Ó kéré létí, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á ti gbé e lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìgbà àtijọ́ kò rí báyìí o, títí di 1985 wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń kàwé.

Nílé, bírò tó ń dún “kẹ́” ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Ẹ dìde dúró, ẹ má jókòó, nítorí pé òró ni wọ́n ń wà níbẹ̀. Bí atọ́kùn bá dákẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Kí ẹ sì fi “What is” tàbí “Who is” ṣáájú ìdáhùn. Ní ìpele àkọ́kọ́ wọ́n ṣì lè rán yín létí, ní ìpele kejì wọ́n á kàn ní ẹ ti kùnà. Ti ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò láti tẹ “What is” níbẹ̀.

Ọmọ Báńkì, New Jersey

Mo ti ń dúró kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ owó. Nígbà tó bá ku Final Jeopardy, wọ́n á fi ẹ̀ka hàn yín, ẹ ó kọ iye tí ẹ fi ta tẹ́tẹ́, kí ẹ tó rí ìbéèrè. Ìṣirò ni, kì í ṣe ìgboyà. Ẹ mú owó ẹni kejì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ yọ tiyín kúrò níbẹ̀, ẹ fi dọ́là kan lé e.

Ẹ wo ọjọ́ tí Ken Jennings ṣubú, November 30, 2004, lẹ́yìn tó ti borí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ó ní 14,400 dọ́là, Nancy Zerg ní 10,000. Ìlọ́po méjì ti Zerg jẹ́ 20,000, Jennings bá fi 5,601 ta á. Ó ṣe é dáadáa. Zerg náà ṣírò tirẹ̀: 4,401, kí òun lè fi dọ́là kan ṣoṣo ju Jennings lọ bí kò bá fi nǹkan kan ta. Ìbéèrè náà wá dé: ilé-iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú 70,000 òṣìṣẹ́ rẹ̀ onígbà-díẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́rin lọ lọ́dún. Jennings kọ FedEx. H&R Block ni, àwọn tó ń báni kọ ìwé owó orí. Ó bọ́ sí 8,799. Zerg gbà á, 14,401.

Àǹtí Ìyá Dáre, bí ẹ bá bọ́ sórí Daily Double (ìbéèrè tí ẹ̀yin nìkan máa ta tẹ́tẹ́ lé lórí kí ẹ tó rí i) lábẹ́ ìtàn Amẹ́ríkà, dọ́là márùn-ún ni ó kéré jù tí wọ́n gbà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìyá Dáre, Maryland

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. A ti lọ sí Annapolis. Mo dúró níwájú ère yẹn, Dáre ní “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ, ebi ń pa mí.”

Lálẹ́ àná ó gé páálí ọgbọ̀n, ó fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri pálọ̀, ẹ̀ka mẹ́fà, márùn-ún-márùn-ún. Bàbá rẹ̀ ni atọ́kùn, ó wọ agbádá. Mo dúró lóòró bí Dàmọ́lá ṣe wí, bírò lọ́wọ́. Marshall méjèèjì, mo mú wọn láìṣì wọ́n mú. A-joyè-oṣù-kan, mo mú un kí bàbá Dáre tó dákẹ́, wọ́n bá tì mí pa, mo tún tẹ̀ ẹ́, mo gbà á. Clotilda, Dáre kò mọ̀ ọ́n. Mo dá eré dúró níbẹ̀, mo sọ ọ́ fún un látòkèdélẹ̀, oúnjẹ wa tutù.

Nígbà tí a dé Final, mo ní 9,400, ó ní 6,200. Ọmọ Báńkì, mo mọ̀ pé 3,001 ni. Mo mọ̀ ọ́n! Inú mi ló dùn jù, mo fi gbogbo rẹ̀ ta á. Ìbéèrè: “Ọdún márùn-ún lẹ́yìn Adams àti Jefferson, ààrẹ yìí náà kú ní July 4.” Mo kọ Madison. Dáre kọ Monroe.

Ó ti wà lójú fóònù bàbá rẹ̀ láti àárọ̀, ó ń fi hàn gbogbo ìdílé.

Ṣadé, jọ̀wọ́, fún Monroe ní oríkì, kó jẹ́ èyí tó le. Dàmọ́lá, bírò tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́ ti já sípíríǹgì. Irú èwo lo ní ò ń lò?